Ẹ Má Ṣe Lámínéètì Pósítà Bàbá Yín

Ìbéèrè àwọn òǹkàwé lórí jákẹ́ẹ̀tì fíìmù àtijọ́

Lóṣù tó kọjá ni mo kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ síbí nípa bí mo ṣe ń ya jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bébà aláwòrán tó ń bo ike, fún àwọn fíìmù Yorùbá àtijọ́ tí wọ́n tún ń gbé jáde sórí DVD. Lẹ́tà yín pọ̀ ju bí mo ti rò lọ, mo sì dúpẹ́. Márùn-ún ni mo mú. Fún ẹni tí kò mọ̀ mí, Ṣómólú ni mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dún 1989, nígbà tí a ṣì ń fi abẹ gé fíìmù ìtẹ̀wé aláwọ̀ mẹ́rin lórí tábìlì oníná. Mo ṣe jákẹ́ẹ̀tì kásẹ́ẹ̀tì VHS, mo ṣe ti VCD nígbà tí ọjà fíìmù Ìdúmọ̀tà ń hó yee. Fíìmù àtijọ́ nìkan ni mo gbájú mọ́ báyìí.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Bàbá wa ṣe fíìmù kan ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì gbé e kiri láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn. Bàbá ti lọ sinmi. A rí fíìmù náà, wọ́n ti bá wa gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Pósítà kan ṣoṣo ló kù, ó ti ya lójú ìṣẹ́po, ẹnì kan ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi ní ká lọ lámínéètì rẹ̀, ká fi fóònù ya á, ká fi ṣe iwájú DVD. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀? (Láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn)*

Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ kú ìtọ́jú ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe lámínéètì rẹ̀. Ooru ẹ̀rọ yẹn á yọ́ gọ́ọ̀mù ara sẹ́lótéèpù wọnú bébà, bí ike bá sì ti mú un tán, kò sẹ́ni tó lè bọ́ ọ mọ́ láìfa àwòrán ya. Ẹ má sì fúnra yín ṣí sẹ́lótéèpù náà, á bá yíǹkì jáde. Ẹ tẹ́ pósítà sáàárín páálí funfun méjì tó mọ́, ẹ gbé nǹkan tó tẹ́ pẹrẹsẹ lé e fún ọjọ́ mélòó kan kó lè nà.

Fọ́tò fóònù kò tó. Ẹ wá ẹni tó ní sìkáànà ńlá. Bí ẹ kò bá rí, ẹ ṣe é ní ìdá mẹ́rin tàbí mẹ́fà lórí sìkáànà kékeré, kí etí ìdá kan gun orí èkejì, kí ẹ wá tò wọ́n pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é ní 600 dpi (ìyẹn àmì 600 nínú íǹṣì kan), kó má dín. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí, ẹ yá dígí tí àwọn atúnagoṣe ń fi sójú, ẹ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òṣèré tó wà lórí pósítà yẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jọ àwọ̀ kan ṣoṣo lókèèrè, ẹ ó rí i pé àmì tíntìntín ló kóra jọ: búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú, wọ́n tò yí ara wọn ká bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí sìkáànì yín bá kéré, tí ilé ìtẹ̀wé tún wá fi àmì tíntìntín tiwọn lé e, méjèèjì á kọlu ara wọn, àwòrán á máa rú lójú bí ìgbà tí a ká àwọ̀n méjì léra. Ohun tó máa ń tú àṣírí jákẹ́ẹ̀tì ayédèrú nìyẹn. Mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ bàbá yín jọ ayédèrú nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ ni ín.

Lẹ́yìn èyí ló kan àwọ̀. Bí wọ́n bá ti lẹ pósítà yẹn mọ́ ibi tí oòrùn ń dé rí, á ti máa ṣe búlúù-búlúù, torí yíǹkì pupa àti yẹ́lò ló máa ń kọ́kọ́ ṣá, búlúù àti dúdú ló máa ń pẹ́. Ẹ má fi ojú lásán díwọ̀n bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹ wá ibi tí oòrùn kò dé: etí tó wà lábẹ́ férémù, tàbí ibi tí bébà ti ṣẹ́po bo ara rẹ̀. Mo ṣe irú rẹ̀ kan tí obìnrin kan dúró nínú ìró àti gèlè. Gbogbo wa tí a jọ wò ó la gbà pé ẹtù ló ró. Mo ti ń wá búlúù tó jinlẹ̀ tí mo máa fi kún un. Nígbà tí mo yọ pósítà náà nínú férémù rẹ̀, mo rí ìlà kan ní ìsàlẹ̀, kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ kan lọ, níbi tí igi férémù ti bò ó láti ọjọ́ tó ti wà. Pupa ni. Àlàárì lobìnrin náà ró! A padà sínú fíìmù, a sì rí i nínú ìran ìgbéyàwó, pupa fòò. Díẹ̀ ló kù kí n pa obìnrin yẹn láṣọ dà fún gbogbo ayé.

Ibi tó ya gba ojú tàbí ọwọ́ èèyàn kọjá, ẹ tún un ṣe dáadáa. Ìlà ìṣẹ́po tó gba ojú sánmà ẹ̀yìn wọn kọjá, èmi máa ń dín in kù ni, n kì í pa á rẹ́ pátápátá. Pósítà tó rin ìrìn àjò gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn ni, kò yẹ kó jọ ohun tí wọ́n tẹ̀ lánàá.

Nípa pé kẹ́ ẹ kàn sún un kéré kó di iwájú DVD, rárá. Bó bá jẹ́ ogún íǹṣì sí ọgbọ̀n íǹṣì ni, bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe máa ń rí, iwájú DVD kò ju milimítà 129.5 sí 183 lọ. Orúkọ àwọn òṣèré tó wà nísàlẹ̀ á di èèrà. Ẹ mú àwòrán inú rẹ̀, ẹ fi àkọlé tí wọ́n fọwọ́ ya sílẹ̀ bó ṣe rí, ẹ tún àwọn orúkọ kéékèèké kọ. Kí ẹ wá tẹ pósítà náà lódindi sínú ìwé pẹlẹbẹ tó máa wà nínú ike.

Ó ku ohun kan tí ẹ kò bi mí. Ta ló ya á? Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, àwọn ayàwòrán wa sábà máa ń fọwọ́ sí i níbẹ̀. Pé Bàbá ló ni fíìmù kò sọ pé Bàbá ló ni àwòrán. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti ọdún 2022 ka àwòrán sí iṣẹ́ ọ̀tọ̀, ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ya á. Ẹ wá ọkùnrin náà tàbí àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ jọ kọ ìwé àdéhùn, ẹ fún wọn ní nǹkan, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì. Mo mọ àwọn kan tó fi ogójì ọdún ya pósítà nílùú yìí, tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ wọn síbì kankan rí.

*Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Mo ń bá ẹgbẹ́ wa ṣe jákẹ́ẹ̀tì fíìmù Yorùbá kan tí a fẹ́ fi hàn, ká sì tà. "Aiye" ló wà nínú àkọlé lórí pósítà àtijọ́. Ṣé kí n fi sílẹ̀ ni àbí kí n kọ "ayé"? Lẹ́ẹ̀kejì, fọ́ńtì tó wù mí ń gbé àmì ohùn kúrò lórí lẹ́tà lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yọ àmì dànù, pé ta ló máa mọ̀? (Láti Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)*

Àwa la máa mọ̀, àbúrò mi.

Ká kọ́kọ́ mú ti àkọlé. Ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá eré ìtàgé ò fi ti àtijọ́ sílẹ̀. Fíìmù Olóyè Hubert Ògúndé tó jáde lẹ́yìn ìyẹn, "Aiye" ni wọ́n kọ, kò sì sẹ́ni tó ní ẹ̀tọ́ láti tún orúkọ ọmọ ọlọ́mọ sọ. Bí lẹ́tà tí wọ́n fọwọ́ ya bá ṣì wà, ìyẹn ni kó wà níwájú. Lẹ́yìn jákẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹ ti ń sọ ìtàn, ẹ lo àkọtọ́ òde òní pẹ̀lú àmì. Ní ẹ̀gbẹ́ tóóró, tó jẹ́ òun nìkan lèèyàn ń rí bí DVD bá ti wọ inú ṣẹ́ẹ̀fù, èmi máa ń lo ti òde òní, torí òun ni ọ̀dọ́ máa mọ̀ kà.

Ti fọ́ńtì, ohun tó fà á nìyí. Lẹ́tà "ọ" ní ààyè tirẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, lẹ́tà "ó" náà sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ tó tún ní lórí, bí ọ́ tàbí ẹ̀, kò ní ààyè kan ṣoṣo, ṣe là ń to àmì lé e. Fọ́ńtì tí wọn kò kọ́ níbi tí àmì máa jókòó sí, ibi tó bá rí ló máa jù ú sí. Fún ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì, Gentium, Charis SIL tàbí Noto Serif kò ní já yín kulẹ̀. Fún àkọlé ńlá, ẹ lo fọ́ńtì tó wù yín, ẹ sọ lẹ́tà di àwòrán, kí ẹ wá fọwọ́ ara yín ya àmì náà sí i. Ẹ jẹ́ kó nípọn bí ara lẹ́tà ṣe nípọn, kó má rí bí eṣinṣin tó bà lé e. Nísàlẹ̀, èmi fẹ́ràn ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán ju tóótòó lọ, bí àwọn akọ̀wé-sára-mọ́tò wa ṣe máa ń kọ ọ́. Tóótòó máa ń sọnù ní ẹ̀gbẹ́ jákẹ́ẹ̀tì.

Mo ti jìyà àmì ohùn rí. Fíìmù àgbẹ̀ kan ni, ọ̀rọ̀ náà "ọkọ́" wà nínú àkọlé rẹ̀, èyí tí à ń fi ro oko. Mo fi fáìlì ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé láìsọ lẹ́tà di àwòrán. Kọ̀ǹpútà wọn kò ní fọ́ńtì mi, ó fi òmíràn dípò, àmì orí sì bọ́. Ìgbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti tẹ ẹgbẹ̀rún méjì. Àgbẹ̀ tó di ọkọ́ mú wà níwájú bébà, ọ̀rọ̀ tó wà lórí rẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ ọkọ ìyàwó. Èmi ni mo jẹ̀bi, èmi ni mo sanwó bébà tuntun. Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, fíìmù mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

*Ẹ káàárọ̀ mà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mo ń kọ́ iṣẹ́ gíráfíìsì. Ọ̀gá mi gba iṣẹ́ jákẹ́ẹ̀tì fíìmù àtijọ́ kan, wọ́n gbé e fún mi. Ẹni tó ni iṣẹ́ ní kí n kó orí òṣèré mọ́kànlá síwájú, kí ti gbajúmọ̀ kan sì tóbi jù, bẹ́ẹ̀ ìran kan péré ló ti jáde. Ọkàn mi ò gbà á. (Láti Òṣogbo)*

Ọmọ mi, ọkàn rẹ ń sọ òótọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n má fojú òpè wo oníbàárà rẹ, torí ìdí wà tí orí fi pọ̀ lórí jákẹ́ẹ̀tì wa. Nígbà VCD, èèyàn á máa kọjá lọ́jà, ọmọ á wà lẹ́yìn, ẹrù á wà lórí, ojú kan péré ló máa fi wo orí àtẹ. Ojú òṣèré tó mọ̀ ló máa dá a dúró. Èmi náà kó orí mẹ́sàn-án, mẹ́wàá jọ láyé ìgbà yẹn, ó sì ta.

Ibi tó burú ni irọ́. Máákẹ́tà kan ní kí n fi ojú òṣèrébìnrin kan tó lókìkí kún iwájú. Mo ṣe é. Lọ́sẹ̀ kejì, mo wà ní ìsọ̀ rẹ̀ nígbà tí ìyá kan wọlé, ó gbé díìsìkì náà kalẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Mo wò ó títí dé òpin, mò ń retí rẹ̀. Ilẹ̀kùn ló ṣí fún àlejò, kò tún padà wá mọ́." Kò pariwo. Ó kàn ń wo jákẹ́ẹ̀tì yẹn bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Èmi ni mo rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹni tó ń ra fíìmù ogójì ọdún lónìí kò rà á nítorí ó rí ojú kan gán-ín lójú ọ̀nà. Ó ti gbọ́ nípa rẹ̀, tàbí ó wò ó lọ́mọdé. Nítorí náà, jókòó wo fíìmù náà tán láìmú bírò dání. Lọ́jọ́ kejì, pa ohùn rẹ̀, kí o tún un wò. Ohun tí ojú rẹ bá ń padà sí nígbà tí kò sí ohùn, òun ni jákẹ́ẹ̀tì rẹ. Nínú èyí tí mo ṣe kẹ́yìn, ọwọ́ ìyá arúgbó kan ló mú mi. Ó ń gbé àtùpà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọmọ rẹ̀ tó sá nílé, alaalẹ́ ló sì ń gbé e síbẹ̀. Ìyá náà kì í ṣe gbajúmọ̀. Ọwọ́ yẹn, àtùpà yẹn, òkùnkùn ní gbogbo ibi yòókù: ohun tí mo fi síwájú nìyẹn. Ẹni tó ni fíìmù bi mí pé orí àwọn òṣèré ńkọ́. Mo kó gbogbo wọn sẹ́yìn, ní ìwọ̀n kan náà, orúkọ kálukú lábẹ́ rẹ̀. Ó wò ó títí, ó ní bí ìyá òun ṣe ń ṣe nìyẹn nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun wà ní Gánà.

Ṣe méjì: èyí tí wọ́n ní kí o ṣe, àti èyí tí fíìmù ní kí o ṣe. Gbé méjèèjì fún ọ̀gá rẹ kó bá ọ gbé e lọ. Má bá oníbàárà jiyàn lẹ́yìn ọ̀gá.

Ohun kan tún wà tí o gbọ́dọ̀ mọ̀ kí o tó mú àwòrán nínú fíìmù. Bó bá jẹ́ orí kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti gbé e wá, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju pixel 720 lọ. Ní 300 dpi, sẹ̀ńtímítà mẹ́fà ni ìyẹn, kò tó ìdajì iwájú DVD. Bí o bá fà á, á fọ́. Ọwọ́ ìyá yẹn, ṣe ni mo tún un yà pẹ̀lú pẹ́ńsù àti yíǹkì. Bí fíìmù sẹ́lúlọ́ìdì gan-an bá ṣì wà, ní kí wọ́n sìkáànì férémù kan ṣoṣo yẹn fún ọ ní 2K (bíi pixel 2048 ní fífẹ̀) ó kéré tán. Ìyẹn á ju sẹ̀ńtímítà mẹ́tàdínlógún lọ, ó sì tó.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ni kò gbọ́dọ̀ má sí lórí jákẹ́ẹ̀tì DVD? (Láti Abẹ́òkúta)*

Bébà rẹ̀ ní títẹ́, milimítà 273 sí 183 ni: iwájú 129.5, ẹ̀yìn 129.5, ẹ̀gbẹ́ 14. Ẹ fi milimítà mẹ́ta-mẹ́ta kún un yíká fún ọ̀bẹ agébébà. Àwọ̀ CMYK (ti ìtẹ̀wé), kì í ṣe RGB (ti ojú kọ̀ǹpútà). Lẹ́yìn: ọdún tí fíìmù kọ́kọ́ jáde, iye ìṣẹ́jú, èdè àti ìtumọ̀ tó wà nísàlẹ̀, ẹni tó ni ẹ̀tọ́, àti àmì ọjọ́ orí tí NFVCB, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà, fún un, bóyá G, PG, 12, 15 tàbí 18. Bí ẹ bá fẹ́ tà á ní Ìlú Ọba, ti BBFC, àjọ tiwọn, ni wọ́n máa béèrè níbẹ̀, òfin fídíò wọn ti 1984 ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí "Apá Kìíní" àti "Apá Kejì" bá wà lórí jákẹ́ẹ̀tì VCD àtijọ́ kìkì nítorí pé VCD kan kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú 74 lọ, ẹ yọ ọ́, DVD kan á gbà á. Bí fíìmù bá sì jẹ́ 4:3, ìyẹn ojú tí kò fẹ̀ bíi ti tẹlifíṣọ̀n òde òní, ẹ má ṣe fa àwọn fọ́tò ẹ̀yìn fẹ̀ kó lè kún ààyè. Ojú òṣèré kì í ṣe rọ́bà.

*Màmá, ilé ìkàwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo nífẹ̀ẹ́ sí ohun tí ẹ kọ, ṣùgbọ́n orí fóònù ni gbogbo ayé ti ń wo fíìmù. Ṣé ó ṣì tó kéèyàn náwó sórí ike àti bébà? (Láti Ilé-Ifẹ̀)*

Ó tó. Ẹ̀yin gan-an ni mo sì ń ṣe é fún, ẹ̀yin tí ẹ ní ṣẹ́ẹ̀fù.

Fíìmù tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ẹni tó gbé e síbẹ̀ lè yọ ọ́ lọ́la. Ẹ̀ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni lè gé orí rẹ̀, kó yí orúkọ rẹ̀ padà, kó pè é ní tiẹ̀. A ti rí i tẹ́lẹ̀. Bàbá Sàlá, Moses Ọláìyá, ṣe fíìmù *Ọ̀run Móoru* lọ́dún 1982. Àwọn olè dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kí owó tó ná sí i tó wọlé, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ra kásẹ́ẹ̀tì kò ní ohun tó máa fi mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Jákẹ́ẹ̀tì tí a ṣe dáadáa, tó ní ìwé pẹlẹbẹ nínú, ń sọ ẹni tó ni ín.

Ẹ wo ohun táwọn ẹlòmíràn ń ṣe. Iléeṣẹ́ Criterion ní Amẹ́ríkà ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí láti 1984, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn sì ń kó wọn jọ bí ẹni ń kó ìwé jọ. Fíìmù àkọ́kọ́ tó gùn tí Ousmane Sembène ará Sẹ̀nẹ̀gà ṣe, ti 1966, wà lára wọn pẹ̀lú àròkọ nínú. Àwọn iléeṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba máa ń tẹ bébà jákẹ́ẹ̀tì lójú méjèèjì: àwòrán tuntun síta, pósítà àtijọ́ sínú, kí ẹni tó rà á yí èyí tó bá wù ú síwájú. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún fíìmù Yorùbá. Owó títẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n ju ti ojú kan lọ, ó sì ń parí ìjà láàárín àwọn ọmọ olóògbé tó fẹ́ àtijọ́ àti àwọn tó fẹ́ tuntun.

Níwọ̀n bí ẹ ti wà ní ilé ìkàwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ibi tí ẹ kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sí. Ṣé ẹ ní *Atọ́ka*, èyí tó máa ń fi fọ́tò sọ eré àwọn òṣèré wa ní àwọn ọdún 1970? Ojú àwọn tí mò ń wá wà nínú rẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. N kò ní tẹ fọ́tò kankan láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Mo kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wé gèlè wọn lọ́dún yẹn ni, torí iṣẹ́ kan wà lórí tábìlì mi báyìí tí gbogbo orí pósítà rẹ̀ ti jẹrà, tó jẹ́ pé láti ọrùn lọ sísàlẹ̀ nìkan ló kù.